Bẹntiróò Lábẹ́ Ilé Alábúrẹ́dì

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà tó wọlé ọkọ, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Orúkọ náà mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pàápàá kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́. Àwọn ará àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá le díẹ̀, kí wọ́n tètè so ó mọ́ igi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́gẹ́. Omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Níbi tí ilé epo bá wà, táńkì ńláńlá ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ń da bẹntiróò sí. Irin ni táńkì, ilẹ̀ a sì máa jẹ irin. Bí irin bá lu, epo á máa jò lọ díẹ̀díẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni ò ní tó o, títí yóò fi dé ibi tí omi wà nísàlẹ̀. Epo ò ní rì sínú omi, orí rẹ̀ ni yóò léfòó sí, ibi tí omi bá sì ń wọ́ lọ lábẹ́ ilẹ̀ ni yóò máa bá a lọ, lábẹ́ ilé onílé, lábẹ́ ibùsùn ẹni tó ń sùn. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ omi fi gbẹ́ àwọn ihò tóóró kan láti ẹ̀bá ilé epo lọ sísàlẹ̀, tí wọ́n ki páìpù róbà bọ̀ wọ́n, tí wọ́n sì fi ìdérí onírin dé wọn. Kànga ìṣọ́ ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í mu níbẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń lọ ṣí wọn, á fi okùn sọ ọ̀pá róbà kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì sísàlẹ̀, á fa omi jáde, á wò ó, á sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Fèrè ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀pá náà. Ó jọ fèrè lóòótọ́, àmọ́ kò sí ẹni tó gbàdúrà kó gbọ́ orin tó ń kọ.

Òpópónà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ilé epo wà lókè, létí títì. Àwọn ilé gbígbé tẹ̀ lé e, ọ̀dọ̀ télọ̀, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, títí lọ dé ìsàlẹ̀ níbi tí ilé búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí kànga ìṣọ́ tó wà lẹ́bàá ilé epo ti ń rùn fìnfìn. Iléeṣẹ́ omi ti bá ọ̀gá ilé epo sọ ọ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ní òun ń ti igi bọ táńkì láràárọ̀ láti wọn epo tó kù, pé ó ń dín díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn ló ń fà á. Wọ́n ní kó pe àwọn tó ń yẹ táńkì wò, ó ní òun ti pè wọ́n. Ibi tọ́rọ̀ dúró sí nìyẹn. Ní ti kànga tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ògiri ilé búrẹ́dì, kò rùn rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn òjò tó ti ń rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìsàlẹ̀ yìí, nítorí ibi tó bá mọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kí wọ́n má baà ru ìdọ̀tí lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ògiri ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ṣí ìdérí. Kó tó sọ fèrè sísàlẹ̀ rárá ni òórùn náà ti gbá a nímú.

Ó sún sẹ́yìn. Ó mí afẹ́fẹ́ tó dára símú, ó tún padà tẹrí. Kò yí padà. Ó sọ fèrè sísàlẹ̀. Okùn náà ò tíì rìn jìnnà tó fi kan omi, òjò ti gbé omi abẹ́ ilẹ̀ sókè ju ibi tó mọ̀ ọ́n sí. Ó fa ọ̀pá náà jáde, ó kọjú rẹ̀ sí oòrùn. Omi wà nísàlẹ̀, ó mọ́. Lórí omi náà, nǹkan mìíràn jókòó, ó ga tó ìka kan, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìtọ̀ ẹni tí ibà ń ṣe. Ó mi ọ̀pá náà. Àwọn méjèèjì dàrú, wọ́n sì tún pínyà, onípọ́n padà sókè.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fa fóònù yọ, kò tíì tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ejò ti bu òun náà jẹ. Ní ọdún tó kọjá, ó gbọ́ òórùn bẹntiróò nínú ọgbà ilé ìwé kan, ó sì fi igbe bọnu pé kí gbogbo ọmọ jáde. Àwọn ọmọ rọ́ lu ara wọn lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan já bọ́, apá rẹ̀ kán. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n wá rí i pé akunlé kan ló da omi olóòórùn líle tó fi fọ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà sí ojú gọ́tà. Kò sí epo kankan. Ìyá ọmọ náà wá bá a lọ́fíìsì, kò bú u, ó kàn ń wò ó. Láti ìgbà náà, tó bá ń kọjá lọ, àwọn kan a fọwọ́ dí imú, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀, sà. Kànga ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́. Epo ló léfòó síbẹ̀."

"Kànga wo?"

"Ti ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì."

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ó dá ọ lójú, àbí imú rẹ ló tún..." Ó gé e síbẹ̀. "Má bínú. Gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò kíákíá. Èmi náà á pe ilé epo, màá sì máa bọ̀ lọ́hùn-ún. Àmọ́ má tíì bá ará àdúgbò sọ nǹkan kan títí a ó fi mọ ohun tí à ń wí. O rántí ti ilé ìwé."

"Mo rántí, sà."

Kò bá ọ̀gá rẹ̀ wí nínú ọkàn rẹ̀. Òun náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ó rọ omi náà sínú ìgò, ó dé e, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó kọrí sí ibi tó gbé ọkọ̀ sí. Bó ti ń rìn ni ọkàn rẹ̀ ń to nǹkan lé nǹkan.

Bẹntiróò tó wà lórí omi kì í dákẹ́ síbẹ̀, ó ń mí. Èémí rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ibi tó bá kòtò ló ń wá lọ. Ẹ̀gbọ́n òun sì ní àjà ilẹ̀, yàrá kan lábẹ́ ilé búrẹ́dì tí wọ́n ń to àpò ìyẹ̀fun sí. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tó lọ kí wọn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun tó lóyún ti sọ fún un pé, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ìyẹ̀fun wa ń rùn bí aṣọ mẹkáníìkì. Àbí oyún yìí ló ń dà mí láàmú?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé oyún náà fẹ́ bí awakọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n òun ò lè gbọ́ òórùn kankan, ibà kan ló gba imú lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí màlúù kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á jẹun yó.

Lẹ́yìn náà ló wá rántí ààrò. Láti òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ààrò búrẹ́dì ti tutù, nítorí bíríkìlà ń tún ẹnu rẹ̀ mọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní bó bá ti gbẹ, Ọjọ́rú làwọn á dáná.

Òní ni Ọjọ́rú.

Ó fa fóònù yọ, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó ti dún lẹ́ẹ̀kan ló rántí pé orí pẹpẹ àtẹ̀gùn àjà ilẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń ki fóònù bọ iná sí. Kò mọ̀ bóyá fóònù tó ń dún lè ṣe nǹkan, kò sì fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pa á. Ó sọ àpò sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó mú ẹ̀rọ agbóòórùn, èyí tó ń ké bó bá gbọ́ òórùn epo, nìkan lọ́wọ́, ó sáré yípo ògiri lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Bàbá Apòyẹ̀fun ló kọ́kọ́ rí, arúgbó tó ń bá wọn po ìyẹ̀fun, ó jókòó lórí àpótí lẹ́nu géètì, ó ń na ẹsẹ̀.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ta ló ń lé ọ? Rọra kí o má ṣẹ́ sí méjì."

"Bàbá, ṣé wọ́n ti dáná?"

"Ọ̀gá ń to igi sí i lọ́wọ́."

Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alábúrẹ́dì, dúró níwájú ààrò tuntun náà, ó sanra, ó ga, ìyẹ̀fun funfun lápá rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Igi ti kún ẹnu ààrò. Ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn àjà ilẹ̀ wà ní ṣíṣí gbàgàdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀.

"Bùọ̀dá mi, ẹ má ṣá a."

Alábúrẹ́dì yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín. "Káàbọ̀. O ò tilẹ̀ kí èèyàn."

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi ìṣáná yẹn sínú àpò."

"Kí ló dé? Ààrò ti gbẹ. Bíríkìlà ti fọwọ́ sí i."

"Bẹntiróò wà lábẹ́ ilé yìí."

Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohun tó gba ipò rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù. Ó jọ àánú. "Àbúrò mi," ló wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ṣé bíi ti ilé ìwé ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn, nítorí òun pàápàá ti ń bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ bíi ti ilé ìwé, àwọn oníbàárà yóò sá, orúkọ búrẹ́dì yóò bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n tó sin òun dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ni òun yóò ti fọwọ́ ara òun bà jẹ́. Ó tan ẹ̀rọ agbóòórùn, ó nà án sórí ẹnu àjà ilẹ̀. Ẹ̀rọ náà ké lẹ́ẹ̀kan, ó tún ké, lẹ́yìn náà ni kò dákẹ́ mọ́. Ó ń han gooro bí ọmọ tí kòkòrò ta.

Alábúrẹ́dì wo ẹ̀rọ náà, ó wo ìṣáná tó wà lọ́wọ́ òun. Ó ki í bọ àpò rọra, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó sùn.

"Ìyàwó wa dà?" ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í.

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Ó wà nísàlẹ̀. Ó ní òun ń lọ wo ìyẹ̀fun tí a ó kọ́kọ́ pò."

"Ó ti pẹ́?"

Alábúrẹ́dì tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dì í lápá mú. Èèyàn tó ń dì mú, bí ó bá gbọn ara lásán, yóò sọ ọ́ nù bí ewé. "Ẹ dúró. Bàtà yín, irin wà nídìí rẹ̀. Bó bá ha òkúta, ó lè tàn. Ẹ bọ́ ọ. Ẹ má fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń pa gílóòbù. Kí ló tún ń lo iná nísàlẹ̀?"

"Gílóòbù náà ni." Ó ń bọ́ bàtà, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣì mú. "Àti fìríìjì tí à ń fi ìwúkàrà sí."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

"O mọ̀ ọ́n. Á dákẹ́, tó bá wù ú á tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

Wọ́n dákẹ́, wọ́n tẹ́tí. Fìríìjì náà ò dún. Ìyẹn gan-an ló ba Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ́rù jù, nítorí ohun tó dákẹ́ ló kù kó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń ta iná pàrá nínú. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan. Ó lè jẹ́ nísinsìnyí, kí ó tó pa ẹnu dé. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ó sáré padà sẹ́nu géètì. "Bàbá, níbo ni iná ti ń wọ ilé yìí?"

"Lára òpó tó wà níta yẹn."

"Ẹ lọ pa á. Níta níbẹ̀ ni o, ẹ má wọlé. Ẹ sì má padà wá síbí. Ẹ máa kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé tó tẹ̀ lé wa, kí wọ́n pa iná ìdáná, kí wọ́n jáde. Ẹ sọ pé kí wọ́n rọra jáde."

Bàbá Apòyẹ̀fun ti dàgbà, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Kò bèèrè nǹkan kan.

Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà dé ẹnu àjà ilẹ̀, Alábúrẹ́dì ti bọ́ sí ẹsẹ̀ lásán, ó ń pe ìyàwó rẹ̀. Ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀, ohùn náà ń wọ́ bíi ti ẹni tí oorun ń kùn.

"Ẹ jẹ́ n jókòó díẹ̀... Orí mi ń fò."

"Ìyàwó wa, ẹ dìde. Ẹ má tan nǹkan kan, ẹ má pa nǹkan kan."

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìdí. "Ẹ wá wò ó. Ìyẹ̀fun yìí ń rùn."

Ní kété náà ni iná kú. Àjà ilẹ̀ ṣú dùdù bí inú ìkòkò. Obìnrin tó wà nísàlẹ̀ ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ̀ pé iná tó kú yẹn ló dára jù. Ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo irun ọrùn rẹ̀ dìde. Wọn ò lè tan tọ́ọ̀ṣì, wọn ò lè tan fóònù, wọn ò lè ṣáná. Ó fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí wọ́n dúró de panápaná, pé ẹni tó bá wọlé lè ṣubú síbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ gbé. Òótọ́ ni. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn. Kò sọ ọ́, nítorí oyún inú obìnrin náà ti yọ bí igbá.

"Ẹ fa èémí sínú," ló wí dípò rẹ̀. "Ẹ dì í mú. Ẹ má mí nísàlẹ̀. Bí ẹ ò bá tètè rí i, ẹ padà wá mí níbí. Èmi á máa sọ̀rọ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà."

Alábúrẹ́dì sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta, pẹlẹ, pẹlẹ, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò mọ ohun tó ń sọ. Ó ń pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń sọ pé ọwọ́ òsì ni àtẹ̀gùn wà, pé kí wọ́n máa bọ̀, pé òun ni yóò gbé ọmọ náà pọ̀n, pé ẹ̀yìn òun tẹ́ẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n yóò gbà á. Ẹ̀rọ ń ké lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lókèèrè kí wọ́n lè gbọ́ ohùn òun. Nǹkan kan wó nísàlẹ̀, gbì, àpò ìyẹ̀fun ni. Ó ń retí iná. Ó rí i lójú ọkàn rẹ̀ bó ti máa gòkè wá, pupa, láìdún kó tó dún. Kò sá. Kì í ṣe akin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ò gbà.

Orí Alábúrẹ́dì yọ nínú òkùnkùn, ó la ẹnu, ó ń gba afẹ́fẹ́ bí ẹja. Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀.

"N ò rí i."

"Ẹ fi ọwọ́ wá ilẹ̀. Ó ti ṣubú. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí àpò ti wó."

Ó tún fa èémí, ó tún wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, títí dé ibi tí òórùn náà ti ń ta á lójú, ó na ọwọ́ sínú òkùnkùn. Ó pẹ́. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi dá a lójú pé òun ti pa ẹ̀gbọ́n òun. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan kan ọwọ́ rẹ̀, ó tutù, ó kún fún ìyẹ̀fun. Ó fà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tì láti ìsàlẹ̀, òun ń fà láti òkè, ìyàwó wọn wà láàárín, ó wúwo bí àpò tó rẹ. Bí wọ́n ṣe gun àtẹ̀gùn náà, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ nínú wọn títí di òní.

Wọn ò dúró nínú ilé. Wọ́n gbé e kọjá géètì, wọ́n gòkè òpópónà, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ ìbòòji ọ̀dọ̀ télọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bì, ó sì la ojú. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

"Kò mira," ló wí. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò mira."

Kí wọ́n tó lè dá a lóhùn, onígbàjámọ̀ ń bọ̀ láti òdìkejì láti wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, sìgá ń jó lẹ́nu rẹ̀, ó kọrí sí géètì ilé búrẹ́dì tààrà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò mọ ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó já sìgá náà gbà lẹ́nu rẹ̀, ó ki í bọ ẹrẹ̀ òjò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi rì.

"Ṣé o ya wèrè ni?" ni onígbàjámọ̀ bi í.

"Ẹ gòkè lọ, ẹ̀gbọ́n. Mo bẹ̀ yín. Ẹ gòkè lọ."

Ohun tó rí lójú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó jiyàn. Ó gòkè lọ.

Ọ̀gá iléeṣẹ́ omi dé, ó bá àpò Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó ti rò pé òṣìṣẹ́ òun ti kú. Nígbà tó gbọ́ ẹ̀rọ tó ń ké láti inú ilé, ó pe panápaná, ó sì bọ́ kóòtù, ó bá Bàbá Apòyẹ̀fun kan ilẹ̀kùn lọ láti ilé dé ilé. Àwọn èèyàn jáde pẹ̀lú ọmọ lápá, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Kò sí ẹni tó fọwọ́ dí imú ṣe yẹ̀yẹ́. Panápaná da ìfófòó tó ń bo epo sínú àjà ilẹ̀, wọ́n fi afẹ́fẹ́ lé èémí náà jáde títí di ọ̀sán, wọ́n ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà sí apá ìsàlẹ̀ òpópónà náà.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà fi ẹ̀rọ sórí ikùn ìyàwó náà. Alábúrẹ́dì dúró lẹ́bàá ògiri, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ojú rẹ̀. Dókítà ń wá ohun kan, ó ń gbé ẹ̀rọ náà káàkiri. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wo ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ọ, kùùkùù, kùùkùù, bí ẹni tó ń sáré lọ síbì kan. Alábúrẹ́dì jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Ọmọ náà wà láàyè," ni dókítà wí. "Ní ti ohun tí ìyá ti ń mí símú àti omi kànga tó ti ń mu, a ó máa wò ó. N kò ní purọ́ fún yín."

Wọ́n hú táńkì ilé epo jáde ní ọ̀sẹ̀ kejì. Gbogbo òpópónà ló lọ wò ó. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè tí iyẹ̀pẹ̀ já kúrò lára rẹ̀, àwọn èèyàn ń wá ihò ńlá tí wọ́n lérò. Ihò náà kò ju ẹnu ìbọn ọmọdé lọ, ìdí táńkì ló wà, níbi tí igi tí wọ́n fi ń wọn epo ti ń gún láràárọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ọ̀gá ilé epo dúró létí kòtò, ó ká ọwọ́ lérí. Ó wá bá Alábúrẹ́dì, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Alábúrẹ́dì ní kó dìde. Kò sọ pé òun ti dárí jì í, kò sì sọ pé òun kò dárí jì í.

Wọ́n sé gbogbo kànga ìdílé tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa epo kúrò lórí omi abẹ́ ilẹ̀ dé, ó ń kùn tọ̀sán tòru, ọ̀gá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì sọ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi kùn. Ní ti kànga mímu tí ilé búrẹ́dì ní, àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti bàjẹ́ díẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ tí ahọ́n ò lè mọ̀. Omi náà ni wọ́n fi ń po búrẹ́dì. Omi náà ni ìyàwó ń mu. Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó jáde lọ sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì, ó di ògiri mú. Kànga ìṣọ́ ló ń yẹ̀ wò, wọn ò fún un ní ti ìdílé. Kò jẹ̀bi. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mímọ̀ ò gba oorun fún un.

Alábúrẹ́dì kó lọ sí àdúgbò mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ bímọ obìnrin, ó kéré, ó sì lóhùn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára títí di ìsinsìnyí, kí wọ́n máa gbé e wá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò, gbogbo ilé kì í jẹun títí wọ́n á fi padà.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló máa ń lọ bá wọn wẹ ọmọ náà ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, láti ibi tó jìnnà, kò sí ilé epo nítòsí. Síbẹ̀ ìyàwó kì í kọ́kọ́ da omi sára ọmọ. Á bu díẹ̀ sínú abọ́ funfun, á gbé e fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á gbé e lọ sójú fèrèsé, á wo orí rẹ̀ bóyá nǹkan kan ń dán, á gbóòórùn rẹ̀, á tún un gbọ́. Ọmọ á máa ta ẹsẹ̀ lórí aṣọ ìnura, kò mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè.

"Ó mọ́," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á wí.

"Ó dá yín lójú?"

Á tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dáhùn.